Ìdí Tí Ẹ̀gà Fi Ń Fa Imọ̀ Ọ̀pẹ Ya

Ẹnu Bàbá Gbàdébọ̀ Ọ̀pẹ́yẹmí, akọ̀pẹ ní abà Olórombó, ni ẹni tí ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ogójì ọdún ni bàbá náà fi igbà gun ọ̀pẹ, kò sì sí ọjọ́ kan tí àwọn ẹ̀gà jẹ́ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lókè. Síbẹ̀, kò bá wọn jà rí. Ó ní ẹ̀gà kọ́ ni ó jẹ̀bi ariwo náà. Ó ní ìbò ni ó fà á.

Nígbà láéláé, kí imọ̀ ọ̀pẹ tó mọ ohun tí à ń pè ní yíya, ẹ̀gà jẹ́ ẹyẹ oníwọ̀ntúnwọ̀nsì. Orí ọ̀pẹ, níbi tí gbogbo imọ̀ ti pàdé, ni wọ́n ń kọ́ ìtẹ́ wọn sí, bí àwọn ẹyẹ yòókù ṣe ń kọ́ tiwọn sí orí igi. Wọn kì í fẹnu kan ewé rẹ̀. Ní ìdájí, gbogbo wọn a kọ orin kan ṣoṣo. Bí orin bá ti parí, ó parí náà nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, ẹnì kan ni ó ń bá gbogbo wọn sọ ọ́.

Ẹni náà ni Àmọ̀kẹ́.

Ẹ̀gà ọ̀ọ́dúnrún ni ó ń gbé orí ọ̀pẹ, Àmọ̀kẹ́ sì ni ẹnu wọn. Ó kéré lára, ó yá lẹ́nu, ó sì gbójú lé ẹnu yíyá náà. Kí ẹlòmíràn tó rí ọ̀rọ̀ he nílẹ̀, Àmọ̀kẹ́ ti sọ tirẹ̀ tán, ó ti jókòó. Àjàní, ọkọ rẹ̀, tí ó fẹ́ràn oorun ju oúnjẹ lọ, a máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀: “Ìyàwó mi yìí, bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè lónìí, ó ti dá a lóhùn láti àná.”

Igbó wọn kò tóbi. Igi ńlá méjì ni ó wà níbẹ̀. Ìrókò ní ẹ̀ka méje, àràbà ní ẹ̀ka mẹ́sàn-án. Ẹyẹ márùn-ún márùn-ún ni ó ń gbé orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Láàárín igi méjèèjì ni ọ̀pẹ ẹ̀gà dúró sí, tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú ọgbọ̀n imọ̀ lórí.

Ní ọdún kan, ọba ẹyẹ wàjà.

Láyé àtijọ́, bí ọba bá wàjà, gbogbo ẹyẹ a pé jọ sórí igi kan ṣoṣo, olúkúlùkù a sì dúró ti ẹni tí ó fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn, igi ahùn tí ó wà létí odò kò gbà á. Ó ya lulẹ̀ tòun tẹyẹ. Ìyẹ́ dá, ẹyin fọ́, ọba tí wọ́n ń yàn lọ́wọ́ sì fi ẹsẹ̀ kan tiro gun orí oyè. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, Lékèélékèé ránṣẹ́ pe àwọn àgbà sí àbàtà. Lékèélékèé kì í gbé orí igi kankan nínú igbó náà, kò sì ní ìbátan níbẹ̀. Aṣọ funfun ni ó ń wọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mọ́ bí aṣọ rẹ̀. Òun ni gbogbo ẹyẹ fi ọkàn tán láti ṣe òfin.

“Ẹ̀yin ará,” ni ó wí, “a kò ní í pé jọ sórí igi kan mọ́. Kí àwọn ẹyẹ orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dìbò láàárín ara wọn. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù lórí ẹ̀ka náà ni ẹ̀ka náà yàn. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá rán aṣojú kan sí mi níhìn-ín, kí aṣojú náà mú hóró èso kan lọ́wọ́. Hóró ni n ó kà. N kò ní í ka ẹyẹ.”

Àdàbà, ẹni tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, béèrè pé: “Ìyá wa, bí ẹyẹ ibì kan bá pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ ńkọ́?”

“Ẹ̀ka ni ẹ̀ka ń jẹ́, Àdàbà. Bí ó bá jẹ́ pé iye ẹnu nìkan ni a ó máa kà, ta ni yóò tún fò dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ márùn-ún tí ó wà ní ìpẹ̀kun igbó láti béèrè ohun tí ó ń dùn wọ́n?”

Àwọn àgbà mi orí. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n.

Ṣùgbọ́n ọkàn Àmọ̀kẹ́ kò sí ní àbàtà mọ́. Ẹyin mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀ nínú ìtẹ́, Àjàní ni ó sì ní kí ó sàba lé wọn. Òjò ń ṣú. Ó mọ Àjàní: bí atẹ́gùn tútù bá fẹ́ díẹ̀, oorun a gbé e lọ, a sì yí kúrò lórí ẹyin. Ó yára ṣe ìṣirò lọ́kàn ara rẹ̀. Ìrókò, méje. Àràbà, mẹ́sàn-án. Ọ̀pẹ, ọgbọ̀n. Ó kù díẹ̀ kí ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gà gbà!” ni ó ké.

Lékèélékèé yí ọrùn gígùn sí i. “Àmọ̀kẹ́, ìwọ ni ó kọ́kọ́ gbà. Ṣé kò sí ohun tí o fẹ́ béèrè?”

“Kò sí, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti yéni kì í gùn.”

Lékèélékèé gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. “Ó dára. Ẹ rántí pé ẹyin lohùn: bí ó bá balẹ̀, a kì í ṣà á.”

Ẹyẹ méjì ni ó jáde láti díje. Èkíní ni Àdàbà. Ó ṣe ìlérí pé bí òun bá jọba, ẹyẹ gbogbo yóò máa ké bí a ti dá a. Èkejì ni Àkàlàmàgbò, ẹyẹ ńlá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, tí àgbọ̀n rẹ̀ ń fì. Orí ìrókò ni ó ń gbé nígbà náà, kò sì sí ohun tí ó kórìíra tó orin ìdájí.

“Bí ẹ bá fi mí jọba,” ni ó ń wí káàkiri, “ẹ ó sùn títí oòrùn yóò fi là. N ó lé àwọn ẹ̀gà wọ̀nyẹn kúrò nínú igbó yìí kí oṣù tó lé.”

Nígbà tí Àmọ̀kẹ́ gbọ́ èyí, ó wo ẹyin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì wo ọgbọ̀n imọ̀ tí ó yí i ká. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìpolongo bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Àdàbà lò lórí ọ̀pẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀ jù. Wọ́n kọrin fún un, wọ́n fún un ní ẹyìn tí ó pọ́n. Ó sọ fún Àmọ̀kẹ́ pé òun fẹ́ lọ kí àwọn ará àràbà, Àmọ̀kẹ́ sì dá a lóhùn pé: “Ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Kí ni ẹ fẹ́ fi ẹ̀ka mẹ́sàn-án ṣe nígbà tí ẹ ti ní ọgbọ̀n?”

Àkàlàmàgbò kò jókòó. Ó ń fi ẹsẹ̀ wúwo gun ẹ̀ka kan lẹ́yìn èkejì. Kì í bẹ gbogbo ẹyẹ. Kì í tilẹ̀ pẹ́. Bí ó bá bá ẹyẹ márùn-ún lórí ẹ̀ka kan, a yan mẹ́ta tí ó rí i pé oorun wà lójú wọn, a sì kọ ẹ̀yìn sí àwọn méjì yòókù.

“Àwa ńkọ́?” ni ọ̀kan nínú àwọn méjì náà béèrè lọ́jọ́ kan.

“Mẹ́ta tó mi,” ni Àkàlàmàgbò wí. “Ẹ̀yin méjì, ẹ lè máa bú mi lọ. Èébú kò ní hóró.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gba abẹ́ ọ̀pẹ kọjá. Àmọ̀kẹ́ na ọrùn jáde láti òkè.

“Ẹ kú ìrìn o, Àkàlà-má-gbọ́-orin! Ṣé ẹ kò ní í yà kí wa ni? Àbí ẹsẹ̀ yín kò lè gun ọ̀pẹ?”

Àwọn ẹ̀gà rẹ́rìn-ín. Àkàlàmàgbò kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ẹyọ kan ni mo máa pàdánù lọ́dọ̀ yín,” ni ó wí. “Mo ti fi jìn yín.”

“Ẹyọ kan!” Àmọ̀kẹ́ fi ìyẹ́ lu ara wọn. “Àjàní, ẹ gbọ́? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà ni ó fẹ́ jọba.”

Àjàní la ojú kan. “Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà,” ni ó wí, “ọ̀rọ̀ kì í sábà dá a lójú tó bẹ́ẹ̀.” Ó sì padà sùn. Àmọ̀kẹ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ ìdìbò pé. Lórí ọ̀pẹ, ẹ̀gà ọ̀ọ́dúnrún dìbò fún Àdàbà láìku ẹnì kan. Àmọ̀kẹ́ yan ọgbọ̀n aṣojú, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ imọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹyìn pupa kọ̀ọ̀kan sí wọn lẹ́nu, ó sì tò wọ́n sí ojú ọ̀run bí ìlẹ̀kẹ̀. Òun gan-an jẹ́ ọ̀kan nínú ọgbọ̀n náà, òun ni ó sì ṣáájú. Kò tíì sí ọjọ́ tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní àbàtà, Lékèélékèé ti tẹ́ ewé kókò méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún Àdàbà, ọ̀kan fún Àkàlàmàgbò. Aṣojú ìrókò ti dé: hóró márùn-ún wà fún Àdàbà, méjì fún Àkàlàmàgbò. Aṣojú àràbà ti dé: méjì fún Àdàbà, méje fún Àkàlàmàgbò. Méje sí mẹ́sàn-án. Ọ̀pẹ nìkan ni ó kù.

Àmọ̀kẹ́ balẹ̀ tòun ti ogun rẹ̀.

“Ta ni gbogbo àwọn wọ̀nyí?” ni Lékèélékèé béèrè.

“Àwọn aṣojú ọ̀pẹ ni, ìyá wa. Ọgbọ̀n ẹ̀ka, ọgbọ̀n aṣojú, gẹ́gẹ́ bí òfin.”

“Ẹ̀ka wo?”

Àmọ̀kẹ́ rò pé ìyá arúgbó náà ń ṣeré. “Ẹ̀ka tí ó wà lórí ọ̀pẹ, ìyá wa. Mo kà wọ́n láàárọ̀ yìí.”

“Kí ni a ń pè é, ohun tí o kà náà?”

“Imọ̀ ni.” Bí ó ti pe ọ̀rọ̀ náà tán ni ó rí àṣìṣe rẹ̀.

“Imọ̀ ni,” ni Lékèélékèé wí, kò sì gbé ohùn sókè. “Ìrókò pẹ̀ka, àràbà pẹ̀ka. Ọ̀pẹ kì í pẹ̀ka. Ọmọdé tí ó ń ṣa ìgbín nínú igbó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ewé ni imọ̀. Bí ó ti wù kí ó gùn tó, ewé ni. Igi tí kò bá ní ẹ̀ka kankan, òun alára ni n ó kà bí ẹ̀ka kan, kí ẹnikẹ́ni má baà wà láìní aṣojú. Ẹ gbé hóró kan sílẹ̀.”

“Ìyá wa, ọ̀ọ́dúnrún ni wá!”

“Mo mọ̀. Mo sọ pé n kò ní í ka ẹyẹ. Ìwọ wà níbẹ̀, ìwọ ni ó kọ́kọ́ gbà.”

Lẹ́yìn wọn, Àkàlàmàgbò ń fi àgbọ̀n rẹ́rìn-ín. “Mo sọ fún un,” ni ó wí. “Ẹyọ kan.”

Àmọ̀kẹ́ gbé ẹyìn tirẹ̀ sórí ewé kókò. Àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù gbé tiwọn mì nítorí pé wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Lékèélékèé kà á lẹ́ẹ̀mejì. “Hóró mẹ́jọ fún Àdàbà. Hóró mẹ́sàn-án fún Àkàlàmàgbò. Àwọn aṣojú ti sọ iye ẹyẹ fún mi, n kò sì ní í fi pamọ́: ẹyẹ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ó fẹ́ Àkàlàmàgbò, ẹyẹ ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàléláàádọ́ta ni ó fẹ́ Àdàbà. Ṣùgbọ́n hóró ni òfin wí. Àkàlàmàgbò ni ọba.”

Gbogbo ojú yí sí Àdàbà. Ó tẹrí ba. “Bí mo bá borí ni, ẹ̀yin náà kì bá gbọ́ kí n bú òfin yìí,” ni ó wí. “Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.”

Ìrìn àjò padà sílé gùn fún Àmọ̀kẹ́. Kí ó tó balẹ̀, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé. Àwọn ẹ̀gà tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ rí ohùn lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbàlagbà kan, ẹni tí ó ti bí ọmọ bí ogójì lórí ọ̀pẹ náà, na ìyẹ́ sí i:

“Ọgbọ̀n ni o kà, ọgbọ́n ni o kò ní!”

Àmọ̀kẹ́ wọ inú ìtẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì sàba lé ẹyin.

Ní ọjọ́ kejì, Àṣá, oníṣẹ́ ọba tuntun, bà sórí ọ̀pẹ. Kò kí ẹnikẹ́ni.

“Ẹ gbọ́ o! Kábíyèsí wí pé, bí ó bá di ọ̀túnla, ẹ̀gà kankan kò gbọdọ̀ ní ilé sórí igi, tàbí sórí ẹ̀ka, nínú igbó yìí. Ilé tí a bá bá níbẹ̀, ti ọba ni. Ẹyin tí a bá bá nínú rẹ̀…” Ó wo ìtẹ́ Àmọ̀kẹ́, ó sì fi ahọ́n kan etí ẹnu. “Ẹyin inú rẹ̀, tèmi ni.”

Ó fò lọ.

Ẹyin Àmọ̀kẹ́ ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n pa. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ti ń mí jẹ́jẹ́ lábẹ́ àyà rẹ̀. Àjàní wá jókòó tì í, ojú rẹ̀ sì là gbangba, ohun tí kò wọ́pọ̀.

“Bàbá ọmọ mi, mo fi ẹnu mi tà wá,” ni Àmọ̀kẹ́ wí.

“O fi ìkánjú tà wá,” ni Àjàní dáhùn. “Ẹnu kò ṣe nǹkan kan. Ní báyìí tí kò sí ìkánjú, kí ni Àṣá wí gan-an? Tún un sọ fún mi. Rọra.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé rẹ̀, Àmọ̀kẹ́ rọra sọ̀rọ̀. “Ó ní… ẹ̀gà kankan kò gbọdọ̀ ní ilé… sórí igi. Tàbí sórí ẹ̀ka.” Ó tún un sọ. “Sórí igi. Sórí ẹ̀ka.” Ó wo imọ̀ gígùn tí ó tẹ̀ lókè orí rẹ̀, ewé rẹ̀ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

“Àjàní,” ni ó wí, “kí ni èyí?”

“Imọ̀ ni.”

“Ṣé ẹ̀ka ni?”

Àjàní wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. “Mo gbọ́ pé kì í ṣe ẹ̀ka,” ni ó wí. “Mo gbọ́ pé wọ́n tìtorí rẹ̀ gba adé lọ́wọ́ ẹnì kan.”

Kíá, Àmọ̀kẹ́ pe gbogbo ẹ̀gà jọ. Kò ṣàlàyé títí. Ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, ó sì sọ ọ́ kedere pé òun ni òun ṣe àṣìṣe, kì í ṣe ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

“A kò ní í wà lórí ọ̀pẹ mọ́. Orí rẹ̀ ni igi. Abẹ́ imọ̀ ni a ó wà. Kí a hun ilé fún olúkúlùkù, kí a sì so ó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ewé, kí ẹni tí ó dúró nílẹ̀ lè kà wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Kí ni a ó fi hun ún?” ni ìyá àgbàlagbà náà béèrè. Ohùn rẹ̀ ṣì le.

Àjàní, tí kò hun nǹkan kan rí láyé rẹ̀, fi ẹnu di etí imọ̀ mú, ó sì fà. Ó ya, tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, láti ìdí dé orí. “Èyí ni,” ni ó wí. “Ẹ lọ fi ẹnu fa ẹ̀ka ìrókò bí yóò ya. Bí a bá ti ń fà á ya, ni a ń jẹ́rìí pé kì í ṣe ẹ̀ka.”

Ọjọ́ náà àti ọjọ́ kejì ni àwọn ọkùnrin ẹ̀gà fi hun ilé bí ẹni tí ń hun aṣọ òkè, tí àwọn obìnrin sì ń fi ẹnu gbé ẹyin láti inú ìtẹ́ àtijọ́ sínú tuntun. Ẹyin kan kò bọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, orí ọ̀pẹ ṣófo pátápátá. Ọ̀ọ́dúnrún ilé sì ń fì lábẹ́ imọ̀ bí èso tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí.

“Ohun kan ló kù,” ni Àmọ̀kẹ́ wí. “Bí wọ́n bá dé, ẹ má wo ẹnu mi. N kò jẹ́ ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí ó bá ní ilé, kí ó fẹnu ara rẹ̀ gbà á sílẹ̀.”

Oòrùn kò tíì gòkè púpọ̀ nígbà tí Àkàlàmàgbò dé, pẹ̀lú Àṣá tí ebi ń pa. Lékèélékèé tẹ̀ lé wọn, nítorí pé òfin ní kí ó wà níbẹ̀.

“Kí ni mo ń rí yìí?” ni ọba bú ramúramù. “Ṣé n kò pàṣẹ ni?”

Ọ̀ọ́dúnrún ẹnu dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. “Abẹ́ imọ̀ ni mo wà, Kábíyèsí!” “Èmi kò sí lórí igi!” “Ẹ wo ilé mi, ẹ wò ó dáadáa!” “Ewé ni! Ẹ fà á wò!” “Ṣé ẹ̀ka ń ya báyìí?” Àkàlàmàgbò fi ìyẹ́ bo etí. Ẹnì kan kò dákẹ́ kí ẹnì kejì tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́, nítorí pé kò sí ẹnì kan pàtó tí a lè pa lẹ́nu.

“Àṣá!” ni ọba ké. “Abẹ́ ẹ̀ka, ẹ̀ka náà ni! Gba ẹyin rẹ!”

Àṣá na èékánná sí ilé Àmọ̀kẹ́. Àmọ̀kẹ́ kò sá. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó wo Lékèélékèé.

“Ìyá wa,” ni ó wí, “mo ní ìbéèrè kan. Ó yẹ kí n ti bi yín tipẹ́. Kí ni ẹ ń pè ní ẹ̀ka?”

Lékèélékèé gbé ọrùn sókè. Ayọ̀ hàn lójú rẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Àṣá, dúró níbẹ̀. Kábíyèsí, ọ̀nà méjì ni ó wà, ẹ yan ọ̀kan. Bí imọ̀ kì í bá ṣe ẹ̀ka, àwọn ẹ̀gà kò rú òfin yín, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé wọn. Bí imọ̀ bá jẹ́ ẹ̀ka, a jẹ́ pé ọgbọ̀n aṣojú ni mo dá padà lọ́nà àìtọ́. N ó fi ọgbọ̀n kún méje. Mẹ́tàdínlógójì sí mẹ́sàn-án. Ẹ bọ́ adé yẹn sílẹ̀ kí n lọ gbé e fún Àdàbà.”

Ọ̀ọ́dúnrún orí yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Gbogbo wọn ń wo ẹnu ọba.

Àkàlàmàgbò wo àwọn ilé tí ó ń fì. Ó fọwọ́ kan adé orí rẹ̀.

“Imọ̀,” ni ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, “kì í ṣe ẹ̀ka.”

Ariwo ayọ̀ tí ó bẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e dé orí ìrókò, ó sì lé e kúrò níbẹ̀. Adé wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí igi kan sùn lórí rẹ̀ nínú gbogbo igbó náà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ̀dàn. Ní ọjọ́ kejì, ẹyin Àmọ̀kẹ́ pa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn kò tíì ní ìyẹ́ tí wọ́n ti ń jiyàn.

Òfin Lékèélékèé kò yí padà. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣì ń rán aṣojú, hóró ni wọ́n sì ń kà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyẹ tí ó tún gba òfin kan wọlé láìkọ́kọ́ béèrè ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ jọba kò tún gba abẹ́ ọ̀pẹ kọjá láìkí àwọn ará ibẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àkàlàmàgbò ti ń fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀ bí ẹni tí ó sọ nǹkan nù. Láti ọjọ́ náà ni ó ti jẹ́ pé akọ ẹ̀gà ni ó ń hun ilé, tí ilé rẹ̀ sì ń fì lábẹ́ imọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà ti ń fa imọ̀ ọ̀pẹ ya láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́, tí gbogbo wọn sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnì kan kò gbẹnu sọ fún ẹnì kejì.

Abẹ́ ọ̀pẹ ni Bàbá Gbàdébọ̀ ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní abà Olórombó, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Òkúdù, ọdún 2016. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó jókòó gbọ́ ọ. Ilé ẹ̀gà igba ó lé mẹ́rin ni ó ń fì lókè orí wọn. Wọ́n kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.